Ohun tí Bàbá Baltimore Sọ Gan-an

Mo ti dé o, ẹ̀yin ará wa ní Peckham. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo rí ilé gogoro New York, n kò dé ibẹ̀. Ẹ má bi mí ní bàtà, n kò ra bàtà bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìlú kan ṣoṣo ni mo lọ, Baltimore, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo lò níbẹ̀, inú ọ̀rọ̀ ìjọ Àgùdà ni mo sì wà láti ọjọ́ tí mo dé títí di ọjọ́ tí mo kúrò. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń sọ ọ́ níbí pé mo lọ dójú ti àlùfáà nínú Mísà. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò parọ́ tán, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ tán náà. Nǹkan tó yẹ kí ojú tì mí fún, mo ti ṣe é kí ọjọ́ yẹn tó dé, èmi fúnra mi ni n ó sì sọ ọ́ fún yín. Ti pé mo dìde nínú Mísà, n kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

N kì í ṣe akọ̀wé, ẹ mọ̀ mí. Bọ́ọ̀sì ni mò ń fọ̀ ní gáráàjì, mo sì fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ láìparí. Ohun tí mo ní ò ju Yorùbá lọ, torí mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá kí Mummy tó wá mú mi kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Abẹ́òkúta. Yorùbá yẹn náà ló gbé mi dé Amẹ́ríkà.

Fóònù ọjọ́ Àìkú

Ẹ̀gbọ́n Mummy ni Bàbá Baltimore, àkọ́bí ìyá wọn, Lọ́rẹ́ńsì lorúkọ wọn. Ìgbà tí Mummy ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn ni wọ́n ti lọ sí Amẹ́ríkà lọ kàwé, wọn ò sì padà wálé mọ́. Lọ́dún yìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi máa lajú ní ọsibítù, apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, èdè Òyìnbó sì ti lọ lẹ́nu wọn. Wọ́n ń gbọ́ ọ o. Gbogbo ohun tí dókítà bá sọ ló ń yé wọn. Sísọ ni wọn ò lè sọ. Yorùbá nìkan ló kù, Yorùbá Ẹ̀gbá ti ìgbà ọmọdé wọn. Ìyàwó wọn, ọmọ Amẹ́ríkà, ti di olóògbé, àwọn ọmọ wọn ò sì gbọ́ ju “ẹ káàárọ̀” lọ.

Aunty Mọ́níkà, àkọ́bí Bàbá, ló pè wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. À ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́. Mummy gbé fóònù náà sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Aunty Fẹlí, láti àárọ̀ dalẹ́ ni Daddy ń sọ̀rọ̀, ẹnì kankan nínú wa ò gbọ́. A ò mọ̀ bóyá wọ́n ń gbàdúrà fún wa ni àbí wọ́n ń ṣépè.”

Mummy wo àbúrò mi obìnrin, Ṣadé, tí wọ́n bí sí Lọ́ndọ̀nù níbí, tó ti gba dìgírì. Ṣadé gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Mummy, please, don't look at me. Yorùbá tèmi yìí, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń fi í rẹ́rìn-ín.”

“Torí o máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀,” mo wí.

“At least mo ní certificate, bro.”

Mummy ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí mi. “Bánjí, ìwọ lo máa lọ. Lọ gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Lọ bá mi jẹ́ ẹnu fún ẹ̀gbọ́n mi.”

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ. Kò sẹ́ni tó tíì rán mi níṣẹ́ tí Ṣadé ò lè jẹ́ rí.

Àtẹ̀gùn òkúta funfun

Ọkùnrin tó yẹ ìwé ìrìnnà mi wò ní pápákọ̀ òfurufú bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo ní mo wá gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń sọ.

“Ṣé kò sí fóònù nílé wọn ni?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ó lu òǹtẹ̀, ó ní ìyá ìyá òun náà, èdè Sípéènì nìkan ni wọ́n ń sọ títí wọ́n fi kú, òun ò sì ráyè kọ́ ọ. “Máa lọ,” ló wí. “Lọ gbọ́ ọ.” Bí mo ṣe wọ Amẹ́ríkà nìyẹn.

Àdúgbò Bàbá, ilé so mọ́ ilé bíi tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Peckham Rye, àmọ́ bíríkì pupa ni gbogbo wọn, àtẹ̀gùn òkúta funfun mẹ́ta sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní àràárọ̀ Sátidé mo ń rí obìnrin àgbàlagbà kan tó máa ń kúnlẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ tiẹ̀ bí ẹni ń fọ eyín. Ilé méjì á ní èèyàn nínú, wọ́n á ti kan pákó mọ́ fèrèsé ìkẹta. Ṣùgbọ́n kíkí àwọn èèyàn ibẹ̀ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ní Rye Lane, tí o bá kí ẹni tí o ò mọ̀, á di báàgì ẹ̀ mú. Níbẹ̀, ọkùnrin tó jókòó sórí àtẹ̀gùn á ti kí ẹ kí o tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tí o bá kọjá láìdáhùn, á pè ẹ́ padà: “Ọmọkùnrin, kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?” Ara mi balẹ̀ níbẹ̀ kíákíá. Ó dà bí Abẹ́òkúta tí kò gbọ́ Yorùbá.

Bàbá wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lẹ́bàá fèrèsé. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ọmọ Fẹlí nìyí? Orí ẹ tóbi bíi ti bàbá ẹ.”

“Ẹ ṣé, sà.”

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín, ẹkún ló tẹ̀lé e. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú, wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ńlá kan ló ń bọ̀. Wọ́n ní, “Sọ fún Mọ́níkà kó yéé da ṣúgà sínú ọkà Òyìnbó tó ń sè fún mi láàárọ̀. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ọsibítù ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́.”

Mo sọ ọ́ fún Aunty Mọ́níkà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ìyẹn náà ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ láràárọ̀? A rò pé Sáàmù ni! A máa ń ṣe ‘Àmín’!”

Láti ọjọ́ náà, mo di ẹnu. Bàbá rán mi sí onígbàjámọ̀ pé ó gé irun àwọn jù. Wọ́n rán mi sí aládùúgbò nítorí pàǹtírí. Wọ́n ní kí n sọ fún ọmọ wọn ọkùnrin pé àwọn ti dárí ọ̀rọ̀ kan jì í, àmọ́ wọn ò sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi, ọmọ náà sì jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tó gbọ́. Gbogbo ilé ń wò mí lẹ́nu. Mò ń rìn bí ọ̀gá.

Ṣọ́ọ̀ṣì bíríkì pupa

Ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá ò ju òpópónà méjì sílé wọn lọ. Kékeré ni, bíríkì pupa ni, àwọn aláwọ̀ dúdú ló ni ín. Kí àrùn tó dé, Bàbá ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, tí í kí èèyàn káàbọ̀, tí í mú wọn lọ síbi ìjókòó. Lẹ́yìn Mísà, gbogbo ìjọ a sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun nínú yàrá ńlá abẹ́ ilé.

Akọ̀wé ìjọ ló kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún mi, màmá àgbà kan tí gbogbo ayé ń pè ní Miss Odessa. Ẹ̀fọ́ ni, tí wọ́n fi ọrùn tòlótòló tí wọ́n fi èéfín yan sè. Mo tọ́ ọ wò, mo ní ẹ gbé iyán wá. Kò síyán, búrẹ́dì àgbàdo ló wà, ó dùn bíi kéèkì. Mo fi jẹ ẹ́ náà, mo tún lọ gbà sí i. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n da akàn sórí tábìlì tí wọ́n fi ìwé ìròyìn tẹ́, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òòlù onígi kékeré. Ata tí wọ́n wọ́n sí akàn náà pupa bí ilẹ̀ Abẹ́òkúta. Wọ́n ń wò mí bóyá n ó sunkún. Mo ní, “Èmi ọmọ Ẹ̀gbá? Ṣé ata nìyí?” Imú mi ń ṣàn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Yẹ̀yẹ́ míì ni ti Òyìnbó mi. “Sọ ‘water’ lẹ́ẹ̀kan sí i fún wa, ọmọ ọba!” Ní Peckham, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá dé Abẹ́òkúta, mo di ọmọ Lọ́ndọ̀nù. Ní Baltimore, wọ́n ní Òyìnbó dúdú ni mí. Mo ti gbà pé àlejò ni mí níbi gbogbo, kò dùn mí mọ́.

Nínú yàrá abẹ́ ilé yẹn ni Miss Odessa ti sọ ìtàn ìjọ wọn fún mi. Wọ́n ń gé kéèkì lọ́wọ́, ọ̀bẹ wọn ò sì dúró. Wọ́n ní ìlú àwọn ni Àgùdà ti kọ́kọ́ ní bíṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn ará Ireland kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, àwọn Jámánì kọ́ tiwọn, àwọn Póláǹdì àti Ítálì náà ò gbẹ́yìn.

“Àwa ńkọ́?” ni Miss Odessa bi ara wọn. “Inú gbogbo rẹ̀ la wà, baby. Ẹ̀yìn la jókòó sí.”

Wọ́n fi ọ̀bẹ tọ́ka sókè, síhà ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì onígogoro méjì kan wà lórí òkè. Ibẹ̀ ni ìyá ìyá wọn ń lọ. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, á dúró kí gbogbo aláwọ̀ funfun gba Ara Olúwa tán pátápátá, kó tó jáde lọ gba tiẹ̀. “Ara Olúwa kan náà o. Bóyá wọ́n rò pé a máa jẹ ẹ́ tán.”

Wọ́n ní àwọn sístà aláwọ̀ dúdú ti wà nílùú náà, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níwèé, nígbà tí wọ́n ṣì ń ta èèyàn létí omi níbẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n rí. Mo rò pé Fadá Òyìnbó ló mú Àgùdà tọ gbogbo dúdú wá, bí wọ́n ṣe mú un wá bá wa nílé. Nígbà tí jíjókòó lẹ́yìn sú àwọn ìyá wọn, wọ́n jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì onígogoro méjì. Abẹ́ ilé ẹnì kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe Mísà. Àwọn obìnrin ń fọ aṣọ aláṣọ, wọ́n ń din ẹja tà lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, tí wọ́n bá ṣíwọ́, wọ́n á wá to bíríkì.

“Bíríkì tó o fẹ̀yìn tì yẹn,” ni Miss Odessa wí, “bàbá mi ló tò ó.”

Mo dìde kúrò lára ògiri.

Ohun tí mo ṣe

Wọ́n fẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì náà pa. Òrùlé ń jò, èèyàn ò pọ̀ mọ́, àlùfáà ò kárí. Wọ́n fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì míì, èyí tí ẹ rò náà sì ni: ti onígogoro méjì lórí òkè. Bíṣọ́ọ̀bù á rán àlùfáà àgbà kan, Mọnsínyọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n, láti wá gbọ́ ohun tí ìjọ ní í sọ.

Kò sẹ́ni tó rò pé ọ̀rọ̀ lè yí i padà. Bàbá náà mọ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìpàdé, wọ́n pè mí jókòó. “Wọ́n máa tì í, Bánjí. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ wa. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni kí wọ́n má kọ ọ́ sílẹ̀ pé a gbà. Ọmọ tí wọn ò tíì bí máa ka ìwé yẹn lọ́jọ́ kan. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

Ìpàdé dé. Ká ní Mọnsínyọ̀ jẹ́ aláfojúdi ni, bóyá ǹ bá ṣe é bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, irun wọn funfun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú kẹ̀kẹ́ Bàbá, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Bàbá mú, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó dàgbà jù nínú ìjọ.

Bàbá sọ̀rọ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ náà ò gùn. “Sọ fún un pé wọ́n lé wa jáde lọ́hùn-ún, a wá kọ́ tiwa. Wọ́n fẹ́ ti tiwa, kí wọ́n kó wa padà síbi tí wọ́n ti lé wa. Agbára wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè ṣe é. Ṣùgbọ́n a kò gbà. Kí wọ́n má sì kọ ọ́ síbì kankan pé a gbà.”

Láti kékeré tí mo ti ń ṣe ọmọ pẹpẹ ní Abẹ́òkúta, n kò rí i kí ẹnikẹ́ni wo ojú Fadá kó ní “a kò gbà.” Mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo tẹrí ba, mo sọ ọ́ lédè Òyìnbó báyìí pé: “Fadá, ẹ̀gbọ́n màmá mi kí yín púpọ̀. Wọ́n ní ó dùn wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀yin àgbà bá ti pinnu, ó ti dáa. Wọ́n ní Ọlọ́run á tọ́ wa sọ́nà.”

Ọwọ́ òsì Bàbá gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú. Mo mọ ohun tó fà á. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mọnsínyọ̀ kọ nǹkan sínú ìwé wọn, wọ́n ní kí Ọlọ́run bù kún Bàbá. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, èèyàn méjì péré ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀kan ò lè sọ ọ́, èkejì ò fẹ́ sọ ọ́.

Odindi ọjọ́ mẹ́rin, Bàbá ò la ẹnu. Aunty Mọ́níkà sáré pe dókítà. “Bánjí, ṣé Yorùbá náà ti lọ ni?” ló ń bi mí, omi lójú ẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ kejì nìyẹn.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pín ìwé ìkéde fún gbogbo ìjọ. Miss Odessa wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á sókè nínú yàrá abẹ́ ilé: ẹni tó dàgbà jù nínú ìjọ ti fi tayọ̀tayọ̀ gbà kí wọ́n da ìjọ méjèèjì pọ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú. Wọ́n wá bá mi níbi tí mo ti ń jẹun.

“Bánjí, ohun tó sọ nìyí?”

Ó ṣì ṣeé ṣe fún mi láti pa irọ́ kẹta.

“Rárá, ma.”

“Kí ló sọ?”

Mo sọ ọ́ fún wọn. Gbogbo rẹ̀, títí kan àwọn ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ká ìwé ìkéde náà, wọ́n fi í sápò.

“Baby, ta ló kọ́ ẹ ní irú ọ̀wọ̀ yẹn?”

“Ilé ni, ma.”

“Ilé kọ́ ẹ dáadáa. Wọ́n kàn gbàgbé láti kọ́ ẹ ní ìgbà tó yẹ kéèyàn gbé e kalẹ̀.”

Mo sáré délé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú kẹ̀kẹ́ Bàbá, mo fi àyà lé ilẹ̀, mo ń bẹ̀.

“Dìde. Wọn ò lè tẹ ìdọ̀bálẹ̀ sínú ìwé.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ nǹkan tí n kò mọ̀ fún mi. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà, ní ọ̀dọ́, ṣọ́ọ̀ṣì onígogoro méjì ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n lọ jókòó níwájú, bí wọ́n ṣe ń jókòó nílé. Ọkùnrin kan wá fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, ó ní àyè wà lẹ́yìn.

“Mo dìde. Ṣé o mọ ohun tí mo sọ fún un? Mo ní, ‘Ẹ ṣé, sà.’ Mo sì lọ sẹ́yìn.” Bàbá ń wo fèrèsé. “Nítorí ìyẹn ni mo ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gbogbo ayé mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa rán ẹlòmíì lọ sẹ́yìn mọ́. O wá ti Lọ́ndọ̀nù dé, o tún fi ‘ẹ ṣé, sà’ sí mi lẹ́nu.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti wọ bàtà.

Àdúrà karùn-ún

Mo lọ bá Mọnsínyọ̀ ní ọ́fíìsì wọn. Mo ní èmi ni mo yí ọ̀rọ̀ Bàbá padà, kì í ṣe pé èdè dí mi lọ́wọ́, mo mọ ohun tí wọ́n sọ. Wọn ò bínú. Ìwé ti dé ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní, kò sí ìpàdé mọ́, Mísà ìkẹyìn ló kù, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú Mísà. “Ọ̀dọ́mọkùnrin, ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo délé, mo sọ fún Bàbá. Miss Odessa wà níbẹ̀. Bàbá ronú díẹ̀, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.

“Wọ́n ní kí a má sọ̀rọ̀? Ó dáa. A ò ní sọ̀rọ̀. A ó gbàdúrà.”

Ẹ̀yin Àgùdà, ẹ mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn tí a bá ti ka Ìgbàgbọ́ tán, ni àwọn ọmọ ìjọ máa ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lọ ka ẹ̀bẹ̀, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á sì dáhùn, “Olúwa, gbọ́ àdúrà wa.” Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó wà lórí pẹpẹ náà wà nínú ẹ̀. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún Miss Odessa, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Àwọn ni akọ̀wé, àwọn ló ń to orúkọ àwọn tó máa ka ẹ̀bẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe ìkarùn-ún.

Bàbá ń sọ ọ́, mò ń kọ ọ́. Mo kà á padà fún wọn. Wọ́n dá mi dúró ní ìlà àkọ́kọ́.

“Kí ni ‘ẹ jọ̀ọ́’ ń ṣe níbẹ̀? Ta lò ń bẹ̀?”

“Ọlọ́run, sà.”

“Ọlọ́run mọ̀ mí. Pa á rẹ́.”

Lọ́jọ́ Mísà ìkẹyìn, èèyàn kún títí dé òpópónà. Mọnsínyọ̀ ló ṣe é. Ẹni kìíní gbàdúrà fún Póòpù, ẹnì kejì fún ìlú, ẹ̀kẹta fún aláìsàn, ẹ̀kẹrin fún òkú. Wọ́n dáhùn, Mọnsínyọ̀ dáhùn. Ó kàn mí. Mo ti kẹ̀kẹ́ Bàbá lọ sí iwájú. Mo kà á ní Yorùbá, mò ń gbọ́ ohùn Bàbá lábẹ́ tèmi, a jọ ń sọ ọ́ ni. Mo wá kà á lédè Òyìnbó:

“Olúwa, àwọn tí wọ́n fi sẹ́yìn ló kọ́ ilé yìí. Wọ́n fẹ́ tì í. A kò gbà. Wọ́n kọ ọ́ pé èmi Lọ́rẹ́ńsì gbà. N kò gbà. Ọmọ àbúrò mi Bánjí ló yí ọ̀rọ̀ mi padà nítorí ìbẹ̀rù. Ìwọ tí o gbọ́ gbogbo èdè, o gbọ́ ohun tí mo sọ. Má ṣe jẹ́ kí ìwé wọn borí ẹnu wa. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí Olúwa.”

Orúkọ mi nìyẹn, mo fi ẹnu ara mi pè é níwájú gbogbo wọn.

Miss Odessa nìkan ló kọ́kọ́ dáhùn, láti àárín: “Olúwa, gbọ́ àdúrà wa.” Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bá tẹ̀ lé wọn, ó dún débi pé ó kàn mí láyà. Mò ń wo Mọnsínyọ̀. Wọ́n di pẹpẹ mú. Wọ́n dákẹ́ ju gbogbo wa lọ, mo rò pé wọn ò ní sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ sókè.

Obìnrin kan mú mi lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn Mísà, ó ní mo ba Mísà jẹ́, mo dójú ti àlùfáà nínú ilé Ọlọ́run. Mo dá a lóhùn pé ilé ta ni wọ́n ń tì?

Ojú ewé tó kẹ́yìn

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì náà pa. N kò ní tan yín jẹ, àdúrà wa ò ṣí ilẹ̀kùn kankan.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nínú yàrá abẹ́ ilé, Miss Odessa gbé ìwé ńlá kan kalẹ̀ sórí tábìlì, ìwé tí wọ́n ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n rì bọmi, tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n sin. Òfin ìjọ Àgùdà ni pé bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú ìwé rẹ̀. “Wọ́n lè ta bíríkì bàbá mi,” ni wọ́n wí, “wọn ò lè ta èyí.” Wọ́n ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Wọ́n gba tákàdá tí mo kọ àdúrà náà sí lọ́wọ́ mi, Yorùbá àti Òyìnbó, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi mú.

Bàbá fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ wọn sábẹ́ rẹ̀. Ó wọ́, ó sì pẹ́, kò sẹ́ni tó bá wọn di kálámù mú. Miss Odessa yí kálámù sí mi.

“Ìwọ náà. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ló ń fọwọ́ sí i.”

Mo kọ orúkọ mi ní kíkún, mo kọ “Peckham” tẹ̀ lé e.

Bàbá ní kí n kà á fún àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kà á láti òkè délẹ̀, n kò fo ìlà kankan. Wọ́n di ojú, wọ́n fetí sí i dópin. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n la ojú, wọ́n tẹjú mọ́ ìwé náà.

“Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ burú o, Bánjí,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nìyẹn.”